Bí Sẹ́ẹ̀lì Iṣan Ìmọ̀lára Ṣe Ń Yọ Okùn Gígùn

Sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára kì í ní orí tàbí ìdí nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Róbótó ló máa ń rí. Nígbà tó bá yá, a yọ ọwọ́ kéékèèké bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí ọ̀kan kò sì fi bẹ́ẹ̀ gùn ju èkejì lọ. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni yóò di axon, okùn tín-ín-rín tí ń gbé iṣẹ́ jáde. Àwọn yòókù a di dendrite, tí ń gba iṣẹ́ wọlé.

Lọ́dún 1988, Dotti, Sullivan àti Banker ṣàpèjúwe ètò yìí lára sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ọmọ eku tí a kò tíì bí, tí wọ́n tọ́ nínú àwo. Ní wákàtí 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo ọwọ́ náà ń nà, wọ́n ń súnkì. Kí ọjọ́ kejì tó pé, ọ̀kan a bẹ́ síwájú, àwọn yòókù a dúró títí di nǹkan bí ọjọ́ kẹrin.

Ní ṣóńṣó ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ni ojú ìdàgbà wà, èyí tí Ramón y Cajal ará Sípéènì ṣàpèjúwe ní 1890. Àwọn fọ́nrán actin ló dí ibẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti dẹ̀, ọ̀pá microtubule a ráyè wọlé, ohun èlò a sì máa rọ́ lọ síbẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Ẹni tó bá ní àyànmọ́ ni, iṣẹ́ Goslin àti Banker ní 1989 kò gbè é: bí wọ́n ṣe gé axon kù dọ́gba pẹ̀lú àwọn yòókù, ọwọ́ mìíràn lè gba ipò rẹ̀.

Bí awakọ̀ dánfó bá tẹ bíréèkì ní Mòwé, axon kan ṣoṣo ló gbé àṣẹ náà láti ọ̀pá ẹ̀yìn dé iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà kan. Inú ara sẹ́ẹ̀lì náà, tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ, ni ọ̀pọ̀ ohun tó nílò ti ń wá. Nítorí náà, bí májèlé bá bà á jẹ́, ẹsẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ kú tipiri. Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun ti ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, rí irú rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ ní àwọn ọdún 1960: ẹsẹ̀ kú, ìrìn ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, ojú ń ṣú. Ó tọ́ka sí sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe dáadáa. Àwọn tó ń ṣe gààrí ní Ìfọ̀ máa ń rin ẹ̀gẹ́, wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù kí wọ́n tó yan án. Níbẹ̀ ni púpọ̀ nínú sáyánáìdì náà ti ń lọ.