Ẹni Tó Pinnu Láti Di Dókítà Nígbà Tí Yunifásítì Ti Ń Parí Lọ
Ìwé ìlàlóye fún akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí Yorùbá ní Amẹ́ríkà

Ní Nàìjíríà, ọmọ lè ti ilé-ẹ̀kọ́ girama ṣe JAMB kó sì bọ́ sí ẹ̀ka ìṣègùn. Ní Amẹ́ríkà, dìgírì àkọ́kọ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbà, kí wọ́n tó lo ọdún mẹ́rin ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ìtàn, orin tàbí ètò ọrọ̀ ajé, tó wá mọ̀ ní ọdún kẹta tàbí ìkẹrin pé ìṣègùn ni ọkàn òun wà, kò tíì pẹ́ jù. Kò sì nílò láti pa ohun tó ń kà tì.

Kọ́ọ̀sì tí wọ́n ń béèrè

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni Biology, General Chemistry, Organic Chemistry àti Physics, ọdún kọ̀ọ̀kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú iṣẹ́ làábù. Biochemistry ti di dandan ní ibi púpọ̀. Àwọn kan tún ń fẹ́ Statistics tàbí Psychology. Ẹ wo ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan kọ sílẹ̀, pàápàá bóyá wọ́n ń gba kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí ti community college.

Kẹ́mísìrì ló ń pinnu iye ọdún tí ẹ máa lò. Ẹ lè ka Biology àti Physics pọ̀, àmọ́ ẹ ò lè wọ Organic láìparí General Chemistry, Biochemistry náà sì ń dúró de apá kìíní Organic, ó kéré tán. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ General Chemistry ní oṣù Kẹsàn-án 2026 yóò parí Organic ní oṣù Karùn-ún 2028. Bí ó bá rí Biochemistry kà pẹ̀lú apá kejì Organic, ó lè fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ní oṣù Kẹfà 2028, kó sì wọlé ní oṣù Kẹjọ 2029, torí fọ́ọ̀mù àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ń gba nǹkan bí ọdún kan.

A bẹ̀ yín, ẹ má fi ìkánjú kó gbogbo rẹ̀ sínú sẹ̀mẹ́sítà méjì. Máàkì C tó bá ti wọ inú àkọsílẹ̀ kì í jáde mọ́. AMCAS, tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ MD ń gba fọ́ọ̀mù wọn kọjá, máa ń ka máàkì àkọ́kọ́ àti ti àtúnkà pọ̀. Ọdún kan tí ẹ sún síwájú sàn ju máàkì burúkú lọ.

Bí dìgírì bá ti parí

Ẹ ò nílò dìgírì mìíràn. Ètò postbac, ìyẹn kíka kọ́ọ̀sì ìṣègùn wọ̀nyí lẹ́yìn dìgírì, wà fún irú yín ní Columbia, Bryn Mawr àti Goucher, ṣùgbọ́n wọ́n gbówó lórí. Yunifásítì ìpínlẹ̀ tó wà nítòsí lè gbà yín láti ka kọ́ọ̀sì nìkan, owó rẹ̀ sì sábà máa ń kéré.

MCAT, ìdánwò ìwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn, gba wákàtí méje ààbọ̀ pẹ̀lú ìsinmi, máàkì rẹ̀ sì wà láàárín 472 sí 528. Ẹ jẹ́ kí Biochemistry parí ná kí ẹ tó ṣe é. Ìgbà méje péré ni ènìyàn lè ṣe é ní gbogbo ayé rẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ tún fẹ́ mọ̀ pé ẹ ti súnmọ́ aláìsàn. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá àti bàbá wa níbí ni nọ́ọ̀sì tàbí olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì (CNA). Ẹ béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ọjọ́ orí dẹ́rù ba ọmọ. Ó lé ní ìdajì àwọn tó ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn lónìí tó ti lo ọdún kan ó kéré tán lẹ́yìn yunifásítì.

Ẹni tó ti Nàìjíríà wá

AMCAS kì í yẹ máàkì yunifásítì òkè òkun wò, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ sì ń fẹ́ kí ẹ ka kọ́ọ̀sì wọ̀nyí ní Amẹ́ríkà tàbí Kánádà. Ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ (F-1) ní láti kọ́kọ́ wá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó ń gba àjèjì, torí wọn ò pọ̀. Àwọn kan nínú wọn sì ń fẹ́ rí owó ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀pọ̀ ọdún ní báńkì.

Ọmọ orílẹ̀-èdè àti ẹni tó ní green card tí owó kò tó lè tọrọ Fee Assistance Program, ètò ìrànwọ́ owó, lọ́wọ́ AAMC, àjọ tó ń darí MCAT àti AMCAS. Ẹ tọrọ rẹ̀ kí ẹ tó san owó MCAT, torí wọn kì í dá owó tí ẹ ti san padà.