Wirksworth, Ìlú Ọjà Àwọn Awakùsà Òjé

Láàárín àwọn òkè Derbyshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni Wirksworth wà, ìlú kékeré tí èrò inú rẹ̀ ń lọ bí 5,000. Ọdún 1306 ni Ọba Edward Kìíní fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa ná ọjà níbẹ̀. Òjé ti wà kí ọjà tó dé. Ní 835, Cynewaru, ìyá àgbà ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́, gbé ilẹ̀ kan ní Wirksworth lé ìjòyè tó ń jẹ́ Humbert lọ́wọ́. Òjé tí owó rẹ̀ tó ṣílè 300 ni ó ní kí ó máa kó lọ sí Canterbury lọ́dọọdún. Nígbà tí wọ́n kọ Ìwé Domesday, àkọsílẹ̀ ilẹ̀ àti dúkìá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1086, ibi iṣẹ́ òjé mẹ́ta ni wọ́n kà níbẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tí ìlú yìí ní, òfin àwọn awakùsà rẹ̀ ni mo kà sí iyebíye jù. Láyé àtijọ́, ẹnikẹ́ni tó bá rí ipa òjé nínú ilẹ̀ lè wà á, ì báà jẹ́ tálákà, kò sì di dandan kó tọrọ àyè lọ́wọ́ onílẹ̀. Itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì, ọgbà, oko eléso àti ojú títì nìkan ni ọkọ́ kò gbọdọ̀ kàn. Awakùsà yóò bu òṣùwọ̀n kan kún nínú ohun tó kọ́kọ́ wà, yóò gbé e fún aláṣẹ tí wọ́n ń pè ní Barmaster, ihò náà á sì di tirẹ̀. Bí ó bá fi í sílẹ̀ láìṣiṣẹ́ ńkọ́? Barmaster yóò gé àmì sára igi ẹnu ihò náà. Tí àmì bá pé mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ihò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó ṣe tán láti ṣiṣẹ́ á gbà á. Òṣùwọ̀n 1 nínú 13 ni ti ọba. Ẹjọ́ tó bá sì ṣẹlẹ̀, ilé ẹjọ́ Barmote ni í lọ, níbi tí àwọn tó mọ iṣẹ́ òjé ti ń jókòó bí ìgbìmọ̀.

Ẹni tó ti ra ìrẹsì nínú kóńgò tí wọ́n tẹ̀ nídìí yóò mọ ìdí tí òṣùwọ̀n fi ká àwọn awakùsà lára tó bẹ́ẹ̀. Ní 1513, nígbà ayé Ọba Henry Kẹjọ, wọ́n fi idẹ rọ òṣùwọ̀n ńlá kan tó ń gba nǹkan bí lítà 8, kí oníṣòwò àti awakùsà lè máa fi yẹ tiwọn wò. Ó wà ní Wirksworth títí dòní.

Iṣẹ́ náà le. Májèlé ni òjé. Èéfín ibi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ a máa ba koríko jẹ́, a sì máa pa ẹran ọ̀sìn. Bí ihò ṣe ń jìn sí i ni omi ń kún un, wọ́n sì ní láti gbẹ́ ojú àgbàrá gba abẹ́ òkè kí omi lè ṣàn jáde. Ọ̀kan yọ sí Cromford nítòsí, Richard Arkwright sì lo omi rẹ̀ láti yí ẹ̀rọ ìrànwú tó dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1771.

Iṣẹ́ òjé rọlẹ̀ ní ọ̀rúndún 19. Rélùwéè dé ní 1867, fífọ́ òkúta ẹfun gbòde, eruku rẹ̀ sì bo ilé títí àwọn kan fi kó kúrò. Láti 1978 ni wọ́n ti ń tún àwọn ilé àtijọ́ ṣe. Ìlú náà gba ẹ̀bùn Europa Nostra lórí iṣẹ́ yìí ní 1983.

Barmote ṣì ń jókòó ní Moot Hall, ilé tí wọ́n kọ́ ní 1814, wọ́n sì ń fi búrẹ́dì, wàràkàṣì àti tábà ṣe ìgbìmọ̀ lálejò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ ọjà. Ẹ̀yin tí ẹ bá débẹ̀, ẹ yà sí ṣọ́ọ̀ṣì St Mary's, kí ẹ wo ère awakùsà ayé àtijọ́ tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta, tòun ti dígà àti agbọ̀n rẹ̀.