Ilé-Ìwé Lórí Facebook: Ẹ Sọ Iṣẹ́, Ẹ Fi Ojú Ọmọ Sílẹ̀

Bí ẹ bá ṣí ojú òpó Facebook ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni nílùú Ìbàdàn, Èkó tàbí Abẹ́òkúta, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi kan àwòrán ìkíni ọjọ́ ìbí. Ọmọdé kan á wà láàárín rẹ̀ nínú aṣọ ilé-ìwé, báàjì á hàn gbangba láyà rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ á wà lókè, ọjọ́ orí rẹ̀ á tẹ̀lé e, kíláàsì rẹ̀ á wà lábẹ́ ìyẹn. Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n máa ń kọ àdírẹ́sì ilé-ìwé àti nọ́ńbà fóònù sí, kí ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ tirẹ̀ wá lè tètè pè. Ìfẹ́ ló wà nídìí rẹ̀. Kò sí olùkọ́ tó gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ jáde láti fi ṣe ọmọ níbi. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kà á bí àjèjì ṣe máa kà á: ojú ọmọ, orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, ọjọ́ àti ọdún tí wọ́n bí i, àti ibi tó máa ń wà láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Kò sí òbí tó máa kọ gbogbo èyí sórí páálí kó wá gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ọjà Bódìjà, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń kọjá lórí ayélujára pọ̀ ju èrò Bódìjà lọ fíìfíì.

Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń sọ pé kí ilé-ìwé kúrò lórí ayélujára pátápátá. Mi ò bá wọn lọ débẹ̀. Ilé-ìwé tí kò ní ojú òpó tirẹ̀ kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ayélujára, nítorí ẹlòmíràn lè ṣí i lórúkọ rẹ̀. Àsìkò ìgbaniwọlé ni àwọn gbájúẹ̀ máa ń ráyè jù. Wọn á mú lógò ilé-ìwé, wọn á mú àwòrán géètì rẹ̀, wọn á kéde pé fọ́ọ̀mù ti jáde àti pé àyè ti fẹ́ tán, wọn á sì fi nọ́ńbà àkáǹtì tó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo sísàlẹ̀. Níbo ni òbí ti máa wádìí bóyá òótọ́ ni, tí kì í bá ṣe ojú òpó kan tí ilé-ìwé fọwọ́ sí, tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára pátákó iwájú ọgbà àti sórí rìsíìtì owó ilé-ìwé? Bákan náà ló rí lọ́jọ́ tí ìròyìn òfegè bá gbòde. Tí wọ́n bá ní gbọ́mọgbọ́mọ ti wọ àdúgbò, ọ̀rọ̀ náà á ti dé orí fóònù gbogbo ìyá tó wà lọ́jà kó tó di pé ẹnikẹ́ni wádìí, àwọn kan á sì ti máa sáré bọ̀ wá gbé ọmọ wọn. Gbólóhùn méjì láti ẹnu ọ̀gá ilé-ìwé, níbi tí gbogbo òbí mọ̀ pé òun ló ń sọ̀rọ̀, lè pa irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àrùn kòrónà sì ti àwọn ilé-ìwé pa ní oṣù Kẹta 2020, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò àti tẹlifíṣàn, WhatsApp ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé fi ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ nílé.

Àǹfààní tó wà níbẹ̀ fún ilé-ìwé ìjọba tilẹ̀ tún ju ti aládàáni lọ. Àwọn ilé-ìwé girama àtijọ́ ilẹ̀ Yorùbá, bíi CMS Grammar School tí wọ́n dá sílẹ̀ nílùú Èkó lọ́dún 1859, tàbí Government College Ìbàdàn ti ọdún 1929, ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde tí ẹgbẹ́ wọn dé òkè òkun. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìlú kékeré náà ní ọmọ tó ti di dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ní Ìlú Ọba, àmọ́ onítọ̀hún kò mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ti ká òrùlé kíláàsì tí òun ti kọ́ ABD. Ojú òpó lè sọ fún un. Kí wọ́n ya òrùlé náà, kí wọ́n ya ìjókòó tó ti kán, kí wọ́n kọ iye tí káfíńtà dá lé e, kí wọ́n sì tún ya á nígbà tí iṣẹ́ bá parí kí ẹni tó dáwó lè rí ibi tí owó rẹ̀ lọ. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kí wọ́n kó àwọn ọmọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì ya ojú wọn láti fi tọrọ owó. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n, ọjọ́ ń bọ̀ tí wọn á dàgbà, tí àwọn èèyàn á ṣì máa rí àwòrán náà.

Òfin pàápàá ti sọ̀rọ̀ níbí. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2003, tí gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá ti sọ di tiwọn, fún ọmọdé ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara rẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni àwọn ènìyàn, èyí tó sọ pé ẹni tó bá fẹ́ gba ìsọfúnni nípa ọmọdé kó sì lò ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ òbí tàbí alágbàtọ́, àti pé ẹni tó fún un láṣẹ lè gba àṣẹ náà padà nígbàkigbà. Àwòrán ọmọ tí a lè fi dá a mọ̀ wà lára ìsọfúnni bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ń ṣe ni pé wọ́n á ki gbólóhùn kan bọ àárín fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé, òbí tó ti sanwó tó sì ń kánjú á buwọ́ lù ú láìkà á. Àṣẹ tí wọ́n gbà lọ́nà bẹ́ẹ̀ kò ní láárí. Àṣẹ gidi ni kí ìwé rẹ̀ dá wà lọ́tọ̀, kí ó sọ ibi tí àwòrán ń lọ, kí ẹni tó bá kọ̀ sì mọ̀ pé wọn ò ní torí ẹ̀ ti ọmọ òun sẹ́yìn. Ẹ tún wo èyí: Facebook àti Instagram fúnra wọn kò gba ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 13 láyè láti ní àkáǹtì. Ilẹ̀ Ọsirélíà tilẹ̀ ti gbé e dé ọdún 16, òfin wọn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 2025. Bí àwọn tó ni ilé náà bá ní ọmọ ọdún mẹ́fà kò gbọ́dọ̀ wọlé, kí ló dé tí ilé-ìwé ń gbé e gba ẹ̀yìnkùlé wọlé?

Ọ̀rọ̀ ààbò wúwo ju ti òfin lọ ní orílẹ̀-èdè tiwa. Ní oṣù Karùn-ún 2017 ni àwọn ajínigbé kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà nínú ilé-ìwé ìjọba kan ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, ó sì lé ní oṣù méjì kí àwọn ọmọ náà tó padà sọ́dọ̀ òbí wọn. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2024, wọ́n dá bọ́ọ̀sì ilé-ìwé lọ́nà ní Emùré-Èkìtì, wọ́n sì kó ọmọ àti olùkọ́ wọgbó. Mi ò sọ pé orí ayélujára ni wọ́n ti rí wọn. Ohun tí mò ń sọ ni pé níbi tí irú èyí ti lè ṣẹlẹ̀, kò yẹ kí ilé-ìwé máa kéde lówùúrọ̀ pé bọ́ọ̀sì ti gbéra lọ sí Òkè Ìdànrè tàbí Ọ̀ṣun Òṣogbo, kí ó sì máa ju àwòrán sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dé ibì kan sí òmíràn. Ìrìn àjò tí wọ́n bá ròyìn lẹ́yìn tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti délé kò dín adùn rẹ̀ kù rárá.

Àwọn òbí kan á ní àwọn fẹ́ràn láti rí ọmọ àwọn lójú òpó, àti pé àwọn fúnra àwọn ń gbé àwòrán rẹ̀ sórí WhatsApp lójoojúmọ́. Òótọ́ ni. Àmọ́ ohun tí òbí yàn fún ọmọ tirẹ̀ kò di àṣẹ fún ilé-ìwé lórí ọgbọ̀n ọmọ tó wà nínú kíláàsì. Ọ̀kan nínú wọn lè jẹ́ ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń sá fún ọkọ tó ń lù ú. Òmíràn lè jẹ́ ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ ń bára wọn ṣẹjọ́ nítorí rẹ̀. Olùkọ́ tó ya àwòrán kò lè mọ gbogbo èyí. Ilé-ìwé lè fi àwòrán ọmọ ránṣẹ́ sí òbí rẹ̀ nìkan, ayọ̀ òbí ò ní dín kù. Àwọn mìíràn á rán wa létí pé ìwé ìròyìn ti ń gbé àwòrán akẹ́kọ̀ọ́ láti ayé àwọn bàbá wa. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ìwé ìròyìn ọjọ́ kejì ti di ohun tí wọ́n fi ń di àkàrà. Èyí tó bá bọ́ sórí ayélujára, ẹni tí ẹ ò mọ̀ lè ti fi pamọ́ sínú fóònù rẹ̀ kí ẹ tó pa á rẹ́.

Àtakò tó le jù lọ ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ilé-ìwé wá. Wọ́n ní ọjà ti le, ilé-ìwé márùn-ún ló wà ní àdúgbò kan ṣoṣo, ojú ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín ló sì ń fa òbí wọlé. Mi ò fojú kéré rẹ̀, torí lára owó tó ń wọlé ni wọ́n ti ń san owó oṣù olùkọ́. Síbẹ̀, òbí tó ń yan ilé-ìwé máa ń béèrè iye owó rẹ̀, ó máa ń béèrè bí wọ́n ṣe ṣe nínú ìdánwò WAEC, ó máa ń béèrè bóyá ibẹ̀ ní ọgbà yíká àti ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Kò sí èyí tí ojú ọmọ dáhùn nínú wọn. Ẹ ya yàrá ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì nígbà tí kò sẹ́nìkan níbẹ̀. Ẹ ya ọwọ́ ọmọ tó ń gbin ẹ̀fọ́, ẹ ya ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n ti bo orúkọ ara rẹ̀, ẹ ya wọn látẹ̀yìn níbi tí wọ́n ti ń sáré lórí pápá. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ ìṣirò fi ìṣẹ́jú mẹ́ta ṣàlàyé ìdá nínú fọ́nrán, lójú ara rẹ̀, torí àgbàlagbà lòun, ó sì lè fọwọ́ sí i. Òbí tó bá rí i bó ṣe ń ṣàlàyé ti rí ohun tí ó ń sanwó fún.

WhatsApp gba ìṣọ́ra tirẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ WhatsApp kíláàsì, gbogbo òbí ló ń rí nọ́ńbà ara wọn, ìyẹn ló sì ń bí ìpè òru, ìpolówó ọṣẹ àti ìjà. Ó dára jù kí ilé-ìwé tò ó kí ó jẹ́ pé alábòójútó nìkan ló lè kọ̀wé síbẹ̀, kí ẹni tó ní ìbéèrè wá bi wọ́n lọ́tọ̀, ní wákàtí iṣẹ́. Kí wọ́n má ṣe kọ orúkọ ẹni tó jẹ owó ilé-ìwé síbẹ̀ láé. Ọmọ onígbèsè ni ìtìjú náà máa ń bá délé. Ohun tí inú mi ń dùn sí jù lórí WhatsApp ni pé èèyàn lè fi ohùn ránṣẹ́. Èdè Òyìnbó ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé fi ń kọ gbogbo ìkéde, nígbà tó jẹ́ pé ìyá àgbà tó ń tọ́ ọmọ náà kò lè kà á. Kí ọ̀gá ilé-ìwé gbé fóònù, kó fi Yorùbá sọ ọjọ́ ìwọlé àti ohun tí ọmọ máa mú lọ́wọ́. Ìyá àgbà á gbọ́, á sì tún un gbọ́. Síbẹ̀, kí wọ́n má torí ìyẹn dáwọ́ ìwé ìkéde inú báàgì ọmọ dúró. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2025 ni àjọ NCC gbà fún àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ láti fi ohun tó tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn, dátà sì ti di nǹkan tí àwọn kan ń ṣún lò. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp kú lẹ́ẹ̀kan náà fún bíi wákàtí mẹ́fà káàkiri ayé. Ìkéde tó ṣe pàtàkì kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà kan ṣoṣo.

Ẹni tó ń di kọ́kọ́rọ́ ojú òpó mú ni ohun tí wọn kì í sábà rò tẹ́lẹ̀. Àgùnbánirọ̀ tó mọ kọ̀ǹpútà ló sábà máa ń ṣí i, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù tirẹ̀. Tó bá parí ìsìnrú ìlú, ó ti lọ sí ìlú rẹ̀, páásíwọ́ọ̀dù sì ti bá a lọ; ojú òpó náà á wà níbẹ̀ bí ilé tí kò lónílé, tí ẹnikẹ́ni kò lè pa àwòrán rẹ́ níbẹ̀ tàbí dá òbí tó béèrè ọ̀rọ̀ lóhùn. Nọ́ńbà àti ímeèlì ilé-ìwé ló yẹ kí wọ́n fi ṣí i, kí àgbà méjì máa bójú tó o, kí ọ̀kan máa wo ohun tí èkejì fẹ́ gbé jáde. Ìpàdé òbí àti olùkọ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni kí òbí ti béèrè orúkọ àwọn méjì náà, kí ó béèrè ìwé àṣẹ tó dá wà lọ́tọ̀, kí ó sì béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa yọ àwọn àwòrán ọmọ tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún tó ti pẹ́, pàápàá ti àwọn tó ti kúrò ní ilé-ìwé náà.