Abdias do Nascimento: Ẹni tí Ó La Ọ̀nà Mìíràn

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òwe yìí ni mo máa ń rántí bí mo bá ronú kan Abdias do Nascimento, adúláwọ̀ ọmọ Bùràsíìlì tí ó ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1976 sí 1977.

Ìlú Franca ni a bí i sí ní 1914. Ọdún 1888 ni oko ẹrú dópin níbẹ̀, ṣùgbọ́n òmìnira náà kò mú ilẹ̀ tàbí ilé ìwé dání. Ní 1941, ó wo eré kan ní Lima, ní ilẹ̀ Peru. Adúláwọ̀ ni olú ẹ̀dá-ìtàn eré náà, ṣùgbọ́n òyìnbó tí ó kun ojú rẹ̀ dúdú ni ó ṣe é.

Ní 1944, ó dá ẹgbẹ́ tíátà àwọn adúláwọ̀ sílẹ̀ ní Rio de Janeiro. Ọmọ-ọ̀dọ̀, òṣìṣẹ́ àti àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni ó kó jọ. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé. Báwo ni ẹni tí kò mọ̀wé yóò ṣe ka eré? Nítorí náà, ẹgbẹ́ náà ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà àti kíkọ pẹ̀lú eré. Ní May 1945, wọ́n gun orí ìtàgé tíátà ńlá ìlú náà. Níbẹ̀ ni Ruth de Souza, ọmọ alágbàfọ̀, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di gbajúmọ̀ òṣèré.

Nígbà FESTAC ní Èkó ní 1977, Abdias kọ àpilẹ̀kọ kan pé irọ́ ni pé dúdú àti funfun dọ́gba ní Bùràsíìlì. Wọn kò gbà kí ó kà á ní àpérò. Ó pín in kiri, a sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní Ìbàdàn lọ́dún náà.

Ó wọ ilé aṣòfin Bùràsíìlì ní 1983, ó sì dábàá pé kí a ya àyè iṣẹ́ sọ́tọ̀ fún adúláwọ̀. Àbá náà kò di òfin. Ó kú ní 2011, ní ẹni ọdún 97. Ní 2012 ni òfin tó ya àyè sọ́tọ̀ fún wọn ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ jáde.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹgbẹ́ wa náà ń ṣe eré. Mélòó nínú àwọn ọmọ tí ń kiri omi lẹ́nu ọ̀nà wa ni ó lè ka ìwé ìpolówó rẹ̀? Mo bẹ̀ yín, kí a tó tún ṣe òmíràn, ẹ jẹ́ kí a kọ́ wọn ní a, b, d.