Ta ló sọ bébà di owó?

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta ọdún 2023, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Àbújá dájọ́ pé náírà 200, 500 àti 1,000 àtijọ́ ṣì jẹ́ owó títí di ìparí ọdún náà. Ìpínlẹ̀ Kaduna, Kogi àti Zamfara ló ṣáájú àwọn tó pe ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́, kò sì sí ilé ẹjọ́ mìíràn tí ẹnikẹ́ni tún lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí oníbàárà na ẹgbẹ̀rún náírà àtijọ́ sí ọlọ́jà, orí ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ń gbọ̀n. Bí mo bá gbà á lọ́wọ́ yín, ta ló máa gbà á lọ́wọ́ mi?

Ojú ti rí màbo kó tó di ọjọ́ náà. Láti oṣù Kẹwàá 2022 ni Báńkì Àpapọ̀, CBN, ti kéde pé òun yóò pààrọ̀ owó mẹ́ta náà, ṣùgbọ́n tuntun kò kárí. Àwọn èèyàn ń sùn síwájú ẹ̀rọ ATM, wọ́n ń fi owó ra owó lọ́wọ́ àwọn oní-POS, inú sì bí àwọn ọ̀dọ́ ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta títí wọ́n fi ya sójú títì.

Ìbéèrè àwọn ọlọ́jà yẹn ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1892, Carl Menger, ọmọ Austria, kọ̀wé pé inú ọjà ni owó ti jáde: oníṣòwò a máa wá ohun tó mọ̀ pé ẹlòmíràn kò ní kọ̀ lọ́wọ́ òun. Ní 1905, Georg Friedrich Knapp, ọmọ Jámánì, ní rárá o, òfin ló bí owó. Ohun tí ìjọba bá ń gbà fún owó orí, owó nìyẹn.

John Searle, tó kọ́ni ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ní Yunifásítì California ní Berkeley, gba ibòmíràn yọ sí i nínú ìwé tó gbé jáde ní 1995. Àwọn nǹkan kan wà láyé, ó ní, tí kò bìkítà bóyá a gbà pé wọ́n wà. Òkè Everest ló fi ṣe àpẹẹrẹ. Àwa náà lè fi Olúmọ ṣe é. Bí gbogbo Ẹ̀gbá bá gbàgbé àpáta náà lọ́la, kò ní yẹ̀ níbi tó wà. Ṣùgbọ́n owó, ìgbéyàwó, oyè ọba, ààlà orílẹ̀-èdè, bí gbogbo wa bá ṣíwọ́ gbígbà pé wọ́n wà, wọ́n tán nìyẹn. Irọ́ sì kọ́ ni wọ́n. Ẹ bi ẹni tí wọ́n dá padà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn nítorí owó.

Ta wá ni "gbogbo wa" yìí? Ìtàn Iraq tan ìmọ́lẹ̀ sí i ju ìwé lọ. Ní oṣù Karùn-ún 1993, ìjọba Saddam Hussein fagi lé dínárì 25 àtijọ́, ó sì fún àwọn ará ìlú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré láti pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn Kurd ní àríwá, níbi tí ọwọ́ Saddam kò tó mọ́, ń ná tiwọn lọ. Ìjọba tó tẹ owó náà ti kọ̀ ọ́ lọ́mọ, kò sì sí báńkì àpapọ̀ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ló fi wà bẹ́ẹ̀, ó sì ń níyì sí i, torí pé kò sẹ́ni tó ń tẹ òmíràn kún un, nígbà tí tuntun tí Saddam ń tẹ̀ láìdábọ̀ ń wọ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí Saddam ṣubú, tí wọ́n ṣe owó kan náà fún gbogbo Iraq, dínárì Saddam kan gba tuntun kan. Dínárì kan ti àwọn Kurd gba 150.

Ní Somalia náà, ìjọba tú ká ní 1991, ṣílè wọn kò kú.

Èyí fẹ́ fi hàn pé Menger ló jàre, ṣùgbọ́n Francesco Guala, ọmọ Ítálì, kò fi í síbẹ̀ nínú ìwé tó kọ ní 2016. Ó ní òfin tó wà lórí ìwé nìkan kò tíì di ìgbékalẹ̀ àwùjọ. Ó di dandan kó jẹ́ òfin tó ṣe oníkálukú láǹfààní láti tẹ̀ lé, níwọ̀n ìgbà tí àwọn yòókù bá ń tẹ̀ lé e. Ẹ wo ojú títì: ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1972, Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ lápá òsì, ó bọ́ sí ọ̀tún. Ìjọba ló dá ọjọ́ náà, èyí sì ṣe pàtàkì, torí kì í ṣe ohun tí awakọ̀ kan lè dá bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ láti ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú ti tó ìkìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gba òsì.

Àwọn tó pe àwọn ọlọ́jà ní aláìmọ̀kan ní oṣù Kẹta yẹn ṣẹ̀ wọ́n. Wọn kò tàpá sí ilé ẹjọ́. Ẹni tí yóò gba owó lọ́wọ́ wọn, ìyẹn báńkì, ni wọ́n ń wò, báńkì náà sì ń wo CBN. Ọjọ́ mẹ́wàá ni CBN fi dákẹ́. Ní ọjọ́ kẹtàlá ó fọhùn pé kí wọ́n máa gba owó àtijọ́, ọjà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á padà.

Tipẹ́tipẹ́ kí náírà tó dé, owó ẹyọ la ń ná. Láti erékùṣù Maldives ni wọ́n ti ń kó o wá, ẹgbàáwàá ẹyọ nínú ọ̀kẹ́ kan. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò Hamburg rí irú rẹ̀ tó pọ̀ yanturu ní Zanzibar, wọ́n sì kó o wọ etíkun wa títí iye rẹ̀ fi wọ́lẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló fòpin sí i níkẹyìn. Mẹ́rìndínlógún nínú rẹ̀ ni olórìṣà ṣì ń dà lónìí ní Òṣogbo, ní Salvador àti ní Havana, tí àwọn tó wá ṣe àyẹ̀wò sì ń fetí sí ohun tí ẹyọ bá sọ. Bó bá kó wọn dé ọjà, wọn ò ní fi ta ata fún un.