Ìrẹ̀sílẹ̀ Alùpùpù: Ọ̀rọ̀ Kan fún Iṣẹ́ Mẹ́rin

1. Ìfáárà

Alùpùpù kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Láti Ìlọrin gba Àjàṣẹ́-Ìpo dé Òmù-Àrán, òun ni olùkọ́ ń gùn lọ sí ilé-ìwé, òun ni àgbẹ̀ fi ń kó iṣu bọ̀ láti oko, òun náà sì ni àlejò lè gùn dé Èsìẹ́ láti wo àwọn ère òkúta tí ó wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a ṣí níbẹ̀ ní ọdún 1945. Ṣùgbọ́n gíga rẹ̀ kì í bá gbogbo ènìyàn mu. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá tó ilẹ̀ dáadáa, tí ó sì dúró lójijì lórí ọ̀nà tí àgbàrá ti wọ́, lè ṣubú tòun tẹrù. Ìdí nìyí tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi máa ń bẹ mẹkáníìkì pé kí ó bá òun rẹ alùpùpù náà sílẹ̀.

Gbólóhùn yìí yé tọmọdé tàgbà. Síbẹ̀, ó fi ohun pàtàkì kan pamọ́. 'Ìrẹ̀sílẹ̀' ń sọ àbájáde iṣẹ́ náà. Kò sọ ohun tí a ṣe kí àbájáde náà tó wáyé. Ọ̀nà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a lè gbà rẹ ẹ̀yìn alùpùpù sílẹ̀, ewu wọn kò sì dọ́gba. Olùtúmọ̀ tí ó bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú ìwé atọ́nà ti fi ẹni tí yóò ka ìwé náà sínú ewu.

2. Àwọn ẹ̀yà tí ọ̀rọ̀ náà kàn

Ariwo ẹ́ńjìnnì ni ó bí orúkọ 'alùpùpù'. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air ni ó bí 'ọ̀kadà'. Bákan náà ni orúkọ àwọn ẹ̀yà rẹ̀ ti wà lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì: táyà, ṣéènì, fọ́ọ̀kì, ṣọ́ọ̀kì, sípíríǹgì. Kò sí ìdí láti sọ àwọn wọ̀nyí ní orúkọ mìíràn. Ibi tí àlàfo wà ni ó yẹ kí a dí.

Irin gbọọrọ kan ni ó di táyà ẹ̀yìn mú. Ó so mọ́ ara alùpùpù lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ó sì ń lọ sókè-sódò bí ilẹ̀kùn ti ń yí lórí ìdè rẹ̀. A lè pè é ní 'apá ẹ̀yìn'. Láàárín apá yìí àti ara alùpùpù ni ṣọ́ọ̀kì wà. Nǹkan méjì ni ó parapọ̀ di ṣọ́ọ̀kì: sípíríǹgì tí ó ń ru ìwúwo, àti 'ọ̀pá ọ́ìlì' tí kì í jẹ́ kí sípíríǹgì máa fò sókè-sódò láìdáwọ́ dúró. Ṣọ́ọ̀kì méjì ni ó wà lẹ́yìn CG125 tí ilé-iṣẹ́ Honda gbé jáde ní 1976, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Boxer tí ilé-iṣẹ́ Bajaj ti Íńdíà ń ṣe. Ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ alùpùpù ńlá tí a ṣe fún ìrìn-àjò jíjìn, ṣọ́ọ̀kì kan ṣoṣo ni ó wà, tí 'irin ìsopọ̀' so mọ́ apá ẹ̀yìn.

3. Ọ̀nà mẹ́rin

(a) Ìpààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì. A yọ ṣọ́ọ̀kì gígùn, a fi kúkúrú rọ́pò rẹ̀. Ká ní apá ẹ̀yìn gùn ní sẹ̀ǹtímítà 45 láti ìdè rẹ̀ dé àárín táyà, tí ṣọ́ọ̀kì sì dúró ṣánṣán ní sẹ̀ǹtímítà 40 sí ìdè náà. Bí ṣọ́ọ̀kì bá fi sẹ̀ǹtímítà 4 kúrú, ẹ̀yìn alùpùpù yóò fi 4.5 rẹlẹ̀, nítorí pé 45 pín sí 40 jẹ́ 1.125. Bí ìrìn ṣọ́ọ̀kì tuntun kò bá dín kù pẹ̀lú gígùn rẹ̀, táyà lè máa kan mọ́dígáàdì.

(b) Ìgékúrú sípíríǹgì. Òun ni ó rọ̀ jù lójú, òun náà ni ó léwu jù. Robert Hooke ti kọ ọ́ ní 1678 pé bí ìwúwo bá ti tó ni sípíríǹgì ń tẹ̀ tó. Gbogbo ìká sípíríǹgì ni ó jọ ń pín ìtẹ̀ náà láàárín ara wọn. Ká ní sípíríǹgì oníká 12 ń fi sẹ̀ǹtímítà 1 tẹ̀ lábẹ́ kìlógíráàmù 15. Bí a bá gé ìká 3 kúrò, yóò gba kìlógíráàmù 20 kí ó tó tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, alùpùpù rẹlẹ̀, ó sì le sí i. Ọ̀pá ọ́ìlì ní tirẹ̀ kò kúrú. Bí táyà bá jábọ́ sínú kòtò, sípíríǹgì lè yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ iná ni a fi gé e, ibi tí ooru kàn yóò pàdánù agbára rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí alágbẹ̀dẹ ti mọ̀.

(d) Ìdẹ̀ sípíríǹgì. A dẹ òrùka tí ó fún sípíríǹgì pọ̀. A kò gé ohunkóhun, a sì lè dá a padà. Ṣùgbọ́n ìwúwo alùpùpù àti ti ẹni tí ó gùn ún yóò tẹ sípíríǹgì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìrìn tí ó kù fún ṣọ́ọ̀kì yóò sì dín kù. Bí a bá wá di àpò iṣu lé e, ṣọ́ọ̀kì yóò máa kanlẹ̀ ní gbogbo gegele.

(e) Ìyípadà irin ìsopọ̀. Ìhín ni olùtúmọ̀ ti lè ṣìnà jù. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù oníṣọ́ọ̀kì kan, bí irin ìsopọ̀ bá ti gùn sí i ni ẹ̀yìn ń rẹlẹ̀ sí i. Ẹni tí ó rò pé gbogbo ìrẹ̀sílẹ̀ jẹ́ ìgékúrú yóò kọ òdìkejì ohun tí ó yẹ.

4. Ohun tí ó ń tẹ̀lé e

Bí ẹ̀yìn nìkan bá rẹlẹ̀, gbogbo alùpùpù ti dagun sẹ́yìn nìyẹn. Ká ní àárín táyà méjèèjì jìnnà síra ní sẹ̀ǹtímítà 125, tí ẹni tí ó gùn ún sì jókòó ní sẹ̀ǹtímítà 80 sí àárín táyà iwájú. Sẹ̀ǹtímítà 4.5 tí ẹ̀yìn fi rẹlẹ̀ yóò di nǹkan bí 2.9 péré lábẹ́ ìjókòó rẹ̀. Fọ́ọ̀kì yóò fi nǹkan bí dígírì 2 dagun sí i, ọwọ́ alùpùpù yóò sì lọ́ra láti yí. Iná iwájú náà yóò gbójú sókè: ní mítà 25 síwájú, yóò fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 90 ga ju ibi tí ó ń tàn sí tẹ́lẹ̀, yóò sì máa mú ojú ẹni tí ń bọ̀ lókùnkùn. Irin tí a fi ń gbé alùpùpù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yóò gùn jù, alùpùpù sì lè wó sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ikùn ẹ́ńjìnnì yóò sún mọ́ òkúta ojú ọ̀nà.

Nítorí èyí, ẹni tí ó bá rẹ ẹ̀yìn sílẹ̀ gbọ́dọ̀ rẹ iwájú náà sílẹ̀, nípa yíyọ ọ̀pá fọ́ọ̀kì méjèèjì sókè lọ́gbọọgba nínú ìdìmú wọn. Ó gbọ́dọ̀ tún iná ṣe, kí ó sì yẹ ṣéènì wò. Bí ó bá jẹ́ pé sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 ni ẹsẹ̀ fi kúrú, bíbẹ́ fóòmù ìjókòó lè tó, láìfọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì rárá.

5. Ìkádìí

Kí 'ìrẹ̀sílẹ̀' dúró gẹ́gẹ́ bí orúkọ àbájáde. Kí orúkọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa dárúkọ ẹ̀yà tí a fọwọ́ kàn àti ohun tí a ṣe sí i: ìpààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì, ìgékúrú sípíríǹgì, ìdẹ̀ sípíríǹgì, ìyípadà irin ìsopọ̀. Kí 'ìrẹ̀sílẹ̀ ìjókòó' sì yàtọ̀ sí 'ìrẹ̀sílẹ̀ alùpùpù'. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì. Ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Òmù-Àrán náà yẹ ní èdè tí ó pé bẹ́ẹ̀, nítorí ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá ti ṣe kedere, ojú ọ̀nà ni àṣìṣe rẹ̀ yóò ti hàn.