Ìgbẹ́ Gbuuru Tó Bẹ̀rẹ̀ ní Ọsibítù: Kí Gan-an Ni Láàbù Ń Wá?

Ẹnì kan wọ ọsibítù nítorí òtútù àyà. Wọ́n fún un ní àǹtíbáyótíìkì, ara rẹ̀ sì ń yá bọ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀. Ṣé oúnjẹ ló fà á ni? Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ bakitéríà kan wà táwọn dókítà máa ń fura sí nírú àkókò yìí: Clostridioides difficile, tí wọ́n ń pè ní C. diff.

Ọdún 1935 ni Hall àti O'Toole kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀, nínú ìgbẹ́ ọmọ tuntun. Orúkọ rẹ̀ ń sọ ìṣòro rẹ̀: kò rọrùn láti mú un hù ní láàbù, torí kì í fẹ́ ọ́síjìn rárá.

Àwọn bakitéríà tó wúlò nínú ìfun wa kì í jẹ́ kó ráyè. Ṣùgbọ́n àǹtíbáyótíìkì lè pa àwọn náà mọ́ àrùn tí wọ́n torí rẹ̀ lò ó. Ológbò kúrò nílé, ilé dilé èkúté. C. diff á wá máa tú oró méjì jáde, A àti B, tó ń ba ìfun ńlá jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wọ láàbù wàyí. Ìbéèrè mẹ́ta ló wà níbẹ̀.

Àkọ́kọ́: ṣé kòkòrò náà wà? Àyẹ̀wò GDH ń wá ẹ́ńsáìmù kan tí C. diff máa ń ṣe. Àmọ́ àwọn C. diff kan wà tí wọn kì í ṣe oró.

Ìkejì: ṣé ó lè ṣe oró? PCR ń wá jíìnì oró náà.

Ìkẹta: ṣé oró ti jáde? Àyẹ̀wò oró ló ń dáhùn èyí, ṣùgbọ́n oró tó kéré lè bọ́ mọ́ ọn lójú.

Jíìnì dà bí ìbọn nínú ilé; oró ni ọta tó ti jáde. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní ìbọn ló ti yìn ín. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ láàbù fi máa ń ṣe ju àyẹ̀wò kan lọ.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Àwọn kan ń gbé C. diff kiri láìṣàìsàn, pàápàá ọmọ ọwọ́. Tí a bá yẹ ìgbẹ́ tó le wò, PCR lè sọ pé "ó wà", kí wọ́n sì fún èèyàn lóògùn tí kò nílò. Tí a bá sì gbójú fo ẹni tó ń ṣe lóòótọ́, ìfun rẹ̀ lè wú, ó sì lè kú. Nítorí náà, ìgbẹ́ tó ṣàn nìkan ni kí wọ́n yẹ̀ wò, lára ẹni tó ti yà á tó ìgbà 3 láàárín wákàtí 24, tí kò sì lo oògùn ìyàgbẹ́. Kí ó tètè dé láàbù, torí oró náà máa ń bàjẹ́ nínú ooru.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá lọ kí aláìsàn, ọṣẹ àti omi ni kẹ́ ẹ fi fọwọ́. C. diff máa ń fi èpo líle bora, sànìtáísà ọlọ́tí ò sì ràn án. Tí dókítà bá bi yín nípa oògùn tẹ́ ẹ ti lò láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ má fi èyí tẹ́ ẹ rà ní kẹ́míìsì pa mọ́ o. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa mọ̀ bóyá C. diff ló yẹ kí láàbù wá.